Ìfúnsẹ̀ Kì í Ṣe Ìdè: Àlàyé lórí Ìbọ̀sẹ̀ Tí A Fi Ń Tọ́jú Ẹsẹ̀ Wíwú

1.0 Ìfáárà

Ìṣòro tí ó wà nínú fífi èdè Yorùbá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìṣègùn òde òní kì í ṣe àìtó ọ̀rọ̀ nìkan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ ju ohun tí a fẹ́ kí ó tọ́ka sí lọ, tàbí kí ó fa ohun mìíràn wá sí ọkàn olùgbọ́. Ọ̀kan nínú ibi tí èyí ti hàn kedere ni ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ tí ó máa ń fún ẹsẹ̀ pinpin, èyí tí àwọn oníṣègùn máa ń ní kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú máa wọ̀. Bí a bá sọ fún aláìsàn pé kí ó 'di ẹsẹ̀ rẹ̀', ó ṣe é ṣe kí ó wá okùn tàbí àkísà, kí ó so ó mọ́ ibì kan ṣoṣo. Ohun tí ó yẹ kí ó mú ara rẹ̀ dá lè wá pa á lára.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ìdí tí ẹsẹ̀ fi máa ń wú, bí irú ìbọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó yẹ kí ó wọ̀ ọ́ àti ẹni tí kò yẹ. Bí àlàyé náà ṣe ń lọ, a ó máa yẹ àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó rọ̀ mọ́ ọ̀ràn yìí wò, nítorí pé bí a bá ṣe sọ ọ́ fún aláìsàn ni yóò ṣe é. Orúkọ tí a ó máa pe ohun èlò náà ni ìfúnsẹ̀. Ìdí tí orúkọ náà fi yẹ é yóò hàn ní ìpín kẹta.

2.0 Ẹsẹ̀ àti Wíwú Rẹ̀

2.1 Ohun tí 'ẹsẹ̀' àti 'wú' kó sínú

'Ẹsẹ̀' jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó gba ibi púpọ̀. Láti ìdí itan títí dé orí ìka ni Yorùbá ń pè ní ẹsẹ̀. Bí a bá fẹ́ ya ibì kan sọ́tọ̀, a ó dárúkọ rẹ̀: itan, orúnkún, ojúgun, ọrùn ẹsẹ̀, kókósẹ̀, gìgísẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìka ẹsẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan fún ibi tí ó wà lókè kókósẹ̀, ó sì ní òmíràn fún ibi tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ìyàtọ̀ yìí kì í dá wàhálà sílẹ̀. Nínú ìtọ́jú ẹsẹ̀ wíwú, wàhálà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wé aṣọ mọ́ ojúgun nìkan, tí ó fi ibi tí ó wà nísàlẹ̀ kókósẹ̀ sílẹ̀, yóò rí i pé ibi tí ó fi sílẹ̀ náà ni omi yóò gbá jọ sí, tí yóò sì wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò tó kí a sọ pé kí ènìyàn wọ nǹkan 'sí ẹsẹ̀'. A gbọ́dọ̀ sọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí: láti ìdí ìka ẹsẹ̀ títí dé ìwọ̀n ìka méjì sí ìsàlẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń ká lẹ́yìn orúnkún.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ náà 'wú' rí. Ìyẹ̀fun tí a pò máa ń wú. Orí ẹni tí a kì ní oríkì máa ń wú. Ẹsẹ̀ náà a sì máa wú. Ọ̀rọ̀ náà sọ fún wa pé nǹkan tóbi sí i, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó mú un tóbi. Bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ó wú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí a sì gbé e kúrò, ibẹ̀ lè jìn wọnú bí ìgbà tí a tẹ àmọ̀ tútù, kí ó tó rọra padà sípò. Èyí ń fi hàn pé omi ni ó gbá jọ síbẹ̀. Wíwú mìíràn kì í jìn mọ́. Awọ ibẹ̀ a ti le, a sì ti nípọn, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń rí i lára ẹni tí jàbùtẹ̀ ti ń bá fínra láti ọjọ́ pípẹ́. Wíwú lè mú ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì lè mú ẹyọ kan. Ó lè bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè dé lójijì. Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni oníṣègùn máa ń fẹ́ gbọ́ kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe.

2.2 Bí omi ṣe ń gbá jọ sí ẹsẹ̀

Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Iṣan àlọ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí gbogbo ara; iṣan àbọ̀ ni ó ń gbà padà. Àlọ sí ẹsẹ̀ kò nira, nítorí pé agbára ọkàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ó sì ń lọ. Àbọ̀ ni iṣẹ́ wà, nítorí pé òkè ni ẹ̀jẹ̀ yóò gùn. Ohun méjì ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Èkínní ni àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí ó wà nínú iṣan àbọ̀, tí wọ́n máa ń ṣí sí òkè nìkan, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti kọjá padà sísàlẹ̀. Èkejì ni ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Nígbàkúùgbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ rìn, ẹran náà a sún kì, a fún iṣan àbọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gbéra lọ sókè. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pe ẹran yìí ní ọkàn kejì.

Bí ènìyàn bá dúró sójú kan láìmira, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan àbọ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀ lè tó nǹkan bí 80 sí 90 ní òṣùwọ̀n milimítà mẹ́kúrì, ìyẹn òṣùwọ̀n kan náà tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ó bá ń rìn, tí ilẹ̀kùn inú iṣan rẹ̀ sì dára, yóò wá sílẹ̀ dé 30 tàbí kí ó dín sí i. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn wọ̀nyí bá ti bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ó gòkè a tún máa ṣàn padà, agbára náà kò sì ní dín tó bí ó ti yẹ. Omi díẹ̀ a máa sun láti inú àwọn iṣan tín-ín-rín bọ́ sínú ẹran ara nígbà gbogbo. Àwọn ọ̀nà omi ara, tí ó yàtọ̀ sí iṣan ẹ̀jẹ̀, ni ó ń kó o padà. Bí omi tí ó ń sun bá pọ̀ ju èyí tí a ń kó lọ, ẹsẹ̀ yóò wú.

Ohun tí ó lè fa èyí pọ̀. Olùkọ́ tí ó ń dúró níwájú kíláàsì láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, onígbàjámọ̀, olùtajà, àti ọlọ́pàá ojú pópó mọ irú wíwú tí í dé ní ìrọ̀lẹ́, tí í sì lọ bí ilẹ̀ bá mọ́. Télọ̀ àti awakọ̀ tí ó ń jókòó pẹ́ kò gbẹ́yìn. Oyún a máa fà á, ara tí ó sanra jù a máa fà á, bẹ́ẹ̀ ni ìpalára tí ó ti ṣe iṣan rí. Àìsàn ọkàn, ti kíndìnrín àti ti ẹ̀dọ̀ náà a máa fà á. Oògùn pàápàá lè fà á: amlodipine, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, a máa mú kí ọrùn ẹsẹ̀ àwọn mìíràn wú.

Láwùjọ Yorùbá, àlàyé mìíràn tún wà. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá ṣàdédé wú, a lè gbọ́ kí wọ́n máa sọ pé 'ó tẹ nǹkan', èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó gbé ẹsẹ̀ lé oògùn tí ẹnì kan fi sílẹ̀ dè é. Gbólóhùn kékeré yìí ní agbára. Ó sọ àìsàn di ọ̀ràn ọ̀tá, ó sì ń darí aláìsàn kúrò ní ọ̀nà ilé ìwòsàn ní àsìkò tí ìtọ́jú ì bá rọrùn jù lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní ọ̀rọ̀ ìlera kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ ọ rí. Ó ní láti fi àlàyé tí ó ṣe é dì mú rọ́pò rẹ̀.

3.0 Dídè, Dídì, Síso, Wíwé àti Fífún

Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe púpọ̀ tí ó jẹ mọ́ kí a fi nǹkan yí nǹkan ká. 'Dè' ni a ń lò fún ewúrẹ́ tí a kò fẹ́ kí ó rìn lọ. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí 'ìdè', ohun tí ó ń gba òmìnira lọ́wọ́ ẹni. 'Dì' ni a ń lò fún ẹrù. Abiyamọ pẹ̀lú a sì máa fi ọ̀já di ikùn lẹ́yìn ìbímọ. 'So' ni kíkókó okùn mọ́ ojú kan. 'Wé' ni ti gèlè àti láwàní: kí aṣọ yí nǹkan po ní ìlọ́po ìlọ́po. 'Fún' sì ni ohun tí a ń ṣe sí ọsàn tí a fẹ́ mu àti sí aṣọ tí a fọ̀. Òun náà ni a sì ń sọ nípa bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ dáadáa.

Bí a bá wò wọ́n fínnífínní, a ó rí i pé nínú gbogbo wọn, 'fún' nìkan ni ó ní in nínú pé ohun olómi ń kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn. Ẹrù tí a dì wà bí ó ti wà. Ewúrẹ́ tí a dè dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n ọsàn tí a fún, omi rẹ̀ ti jáde. Aṣọ tí a fún, omi rẹ̀ ti kán sílẹ̀. Ohun tí ìbọ̀sẹ̀ yìí ń ṣe gan-an nìyí: ó ń ti omi kúrò níbi tí ó gbá jọ sí, kí ó lè padà sí ọ̀nà tí yóò gbà lọ sókè.

Àpẹẹrẹ tí a lè tẹ̀ lé láti fi dá orúkọ sílẹ̀ ti wà nínú èdè náà. 'Ìfúnpá' ni oògùn tí a fi awọ bò, tí a ń so mọ́ apá. Àwọn tí ó ń kọ̀wé lórí ìlera ti mú ọ̀rọ̀ náà lò fún agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan, ó sì bá a mu, nítorí pé apá náà ni a ń fún nígbà tí a bá fẹ́ wọ̀n ọ́n. Bí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'ì-' ṣe wà lára 'fún apá' tí ó di 'ìfúnpá', bẹ́ẹ̀ ni yóò wà lára 'fún ẹsẹ̀' tí yóò di 'ìfúnsẹ̀'. Olùgbọ́ kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ kan hàn. Ojú kan ni ìfúnpá wà lára apá. Bí ìfúnsẹ̀ bá wà lójú kan lára ẹsẹ̀, ó ti di ìdè. Àwọn àgbà a máa so okùn sí òkè ibi tí ejò bá ti bu ènìyàn ṣán, èrò wọn ni pé kí ẹ̀jẹ̀ má lè kọjá. Àwọn oníṣègùn òde òní kò fẹ́ èyí mọ́ nítorí pé ó lè pa ẹsẹ̀ náà. Iṣẹ́ ìfúnsẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá ni a ṣe ń lò ó. Ẹni tí ó ti gbé ọmọ pọ̀n mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀já àti okùn. Ọ̀já fẹ̀, ó pín agbára rẹ̀ káàkiri, ọmọ sì lè sùn nínú rẹ̀. Okùn gé ni lára.

4.0 Ìtàn Ráńpẹ́

Fífi aṣọ wé ẹsẹ̀ tí ó ní egbò tàbí tí ó wú kì í ṣe ohun tuntun. A rí i nínú àwọn ìwé ìṣègùn Gíríìkì àtijọ́ tí a so mọ́ orúkọ Hippocrates. Ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Paul Gerson Unna, oníṣègùn awọ ara ní ilẹ̀ Jámánì, gbé aṣọ tí a fi èròjà zinc pa jáde fún egbò ẹsẹ̀, a sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é títí di òní.

Ẹni tí ó sọ ìbọ̀sẹ̀ náà di ohun tí a fi ìṣirò ṣe ni Conrad Jobst, onímọ̀ ẹ̀rọ tí a bí ní Jámánì, tí ó sì ń gbé ní ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà. Iṣan àbọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dà á láàmú. Ó ṣàkíyèsí pé ara tù ú nígbà tí ó bá dúró nínú omi adágún tí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ohun tí ó rí nínú èyí ni pé bí omi bá ṣe jìn tó ni agbára tí ó fi ń ti ara ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tí ó dúró nínú odò tí ó mu ún dé àyà, omi ń ti kókósẹ̀ rẹ̀ ju bí ó ti ń ti itan rẹ̀ lọ. Ní ìwọ̀n mítà 1 sísàlẹ̀, agbára náà tó nǹkan bí 74 ní òṣùwọ̀n milimítà mẹ́kúrì. Ní nǹkan bí ọdún 1950, Jobst ṣe ìbọ̀sẹ̀ tí ó ń ṣe bí omi náà: ó fún jù lọ ní ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń gòkè. Orí ìlànà yìí ni ìfúnsẹ̀ òde òní dúró lé.

5.0 Ìwọ̀n àti Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ohun mẹ́ta ni ìfúnsẹ̀ ń ṣe. Ó ń mú kí iṣan àbọ̀ tí ó ti fẹ̀ jù sún mọ́ra, kí ilẹ̀kùn inú rẹ̀ lè pàdé. Ó ń dín omi tí ó ń sun sínú ẹran kù. Ó sì ń jẹ́ ògiri fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹran náà bá sún kì, iṣan ni yóò tì, kì í ṣe awọ. Kókó kẹta yìí ni ó fà á tí ìrìn fi jẹ́ ara ìtọ́jú náà. Ẹni tí ó wọ ìfúnsẹ̀, tí ó wá jókòó sójú kan ní gbogbo ọjọ́, ìdajì èrè rẹ̀ ni ó jẹ.

Òṣùwọ̀n milimítà mẹ́kúrì ni a fi ń wọn agbára rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ìpele kìíní jẹ́ 14 sí 17, ìpele kejì jẹ́ 18 sí 24, ìpele kẹta sì jẹ́ 25 sí 35. Ní Jámánì, ìpele kejì jẹ́ 23 sí 32. Èyí túmọ̀ sí pé 'ìpele kejì' tí ẹbí ẹni fi ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan lè má jẹ́ 'ìpele kejì' tí dókítà tí ó wà nílé ní lọ́kàn. Iye milimítà tí a kọ sára páálí rẹ̀ ni ó yẹ kí a wò, kì í ṣe orúkọ ìpele.

Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Òfin kan wà tí a fi orúkọ Laplace, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, pè. Ó sọ pé bí a bá fi agbára kan náà fa aṣọ yí nǹkan roboto ká, èyí tí ó tín-ín-rín ni aṣọ náà yóò fún jù. Nítorí náà, ọrùn ẹsẹ̀ tí ó tín-ín-rín yóò gba agbára ju ẹ̀yìn ojúgun tí ó tóbi lọ. Bí ẹsẹ̀ bá wú tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn ẹsẹ̀ àti ojúgun fi di ọgbọọgba, ètò yìí dàrú. Ìdí nìyí tí a fi ń wọn ọrùn ẹsẹ̀ àti ibi tí ó tóbi jù lọ lẹ́yìn ojúgun kí a tó yan ìfúnsẹ̀, tí a sì ń wọ̀n wọ́n ní òwúrọ̀ kí ẹsẹ̀ tó wú. Bí ẹsẹ̀ bá ti tóbi jù, báńdéèjì ni nọ́ọ̀sì tí ó mọ̀ ọ́n wé yóò kọ́kọ́ fi mú un fà, kí ìfúnsẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ẹ̀rí wà pé ìtọ́jú yìí ń ṣe àǹfààní tí ó ju kí ẹsẹ̀ fúyẹ́ lọ. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Ọsirélíà, tí ó jáde nínú New England Journal of Medicine ní ọdún 2020, lo ènìyàn 84 tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí kòkòrò àìfojúrí sì ti wọ inú awọ ẹsẹ̀ wọn lemọ́lemọ́ tí ó ń mú ibẹ̀ gbóná tí ó sì ń ro wọ́n. Nínú 41 tí ó wọ ìfúnsẹ̀, 6 ni àìsàn náà padà sí lára. Nínú 43 tí kò wọ̀ ọ́, 17 ni ó padà sí lára. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ìwádìí náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ní ti ìrìn-àjò òfuurufú tí ó gùn, irú èyí tí ó ń ti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ohun tí ó lé ní wákàtí 6, àkójọpọ̀ ìwádìí tí àjọ Cochrane gbé jáde ní 2016 fi hàn pé ìfúnsẹ̀ ń dín ẹ̀jẹ̀ dídì inú iṣan ẹsẹ̀ tí kì í fi ara hàn kù.

6.0 Wíwọ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Òwúrọ̀ ni a ń wọ ìfúnsẹ̀, kí a tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn. Bí ó bá di alẹ́ tí a fẹ́ sùn, a ó bọ́ ọ. Kì í rọrùn láti wọ̀. A ó yí i síta dé gìgísẹ̀, a ó ti ìka ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀, a ó mú gìgísẹ̀ jókòó sí àyè rẹ̀, a ó sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ rọra nà án gòkè. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà máa ń jẹ́ kí ọwọ́ dì í mú dáadáa. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a ká etí rẹ̀ tí ó bá gùn jù. Ibi tí a bá ká ti di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni ìfúnsẹ̀ ti ń di ìdè.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú aṣọ náà kò pọ̀. Ọṣẹ tí kò le àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni a fi ń fọ̀ ọ́. Yorùbá bọ̀ wọ́n ní, gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá sí oòrùn. Òwe náà bá ìfúnsẹ̀ mu ní tààrà, nítorí pé òòrùn àti iná a máa ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Abẹ́ òjìji ni a ń sá a sí. Láàárín oṣù 3 sí 6, yóò ti dẹ̀, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ìtọ́ni tí a lè kọ fún aláìsàn tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan kò nílò ju báyìí lọ: 'Láàárọ̀, kí ẹ tó dìde, ẹ fa ìfúnsẹ̀ yìí wọ̀ láti ìdí ìka ẹsẹ̀ yín títí dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Ẹ má ká etí rẹ̀. Ẹ má fi okùn so ó. Ẹ máa rìn. Bí ìka ẹsẹ̀ yín bá tutù, bí ó bá ń ṣe yín jìn-ìn-rìn, bí ó bá ń ro yín, tàbí tí èékánná rẹ̀ bá yí àwọ̀ padà, ẹ bọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì wá rí wa.' A mẹ́nu ba èékánná nítorí pé lára ènìyàn dúdú, awọ kì í tètè fi ìyípadà hàn bí ó ti ń hàn lára òyìnbó, tí ó jẹ́ pé àwọ̀ ara tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń ṣàlàyé.

7.0 Àwọn Tí Kò Yẹ Kí Ó Wọ̀ Ọ́ Láìrí Oníṣègùn

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa lápálápá. Ẹsẹ̀ wíwú lè jẹ́ lápálápá tí ẹ̀tẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọkàn ẹnì kan kò bá lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri, tí a sì fi ìfúnsẹ̀ ti omi ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sókè, omi náà lè di ẹrù tí ọkàn kò lè gbé, kí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í há. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ìtọ́jú ọkàn kí a tó sọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀.

Ewu tí ó tóbi jù ni ti ẹni tí iṣan àlọ rẹ̀ ti dí. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀. Bí a bá tún fún un, ẹsẹ̀ náà lè kú. Àyẹ̀wò tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò le: a ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀, a ó wọ̀n ọ́n ní apá, a ó sì fi ti apá pín ti ọrùn ẹsẹ̀. Bí ìdáhùn bá wà láàárín 0.8 sí 1.3, a lè lo ìfúnsẹ̀. Bí ó bá kéré sí 0.8, ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni kí ó wà. Bí ó bá kéré sí 0.5, a kò gbọdọ̀ fún ẹsẹ̀ náà rárá. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti gba ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ewu mìíràn: ìfúnsẹ̀ lè dá egbò sí i lára kí ó má mọ̀. Àtọ̀gbẹ a sì máa mú iṣan àlọ le, èyí tí ó lè mú kí ìdáhùn àyẹ̀wò náà ga ju bí ó ti yẹ lọ.

Àmì mẹ́ta kò gba ìdúró. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì, tí ó gbóná, tí ó sì ń ro ni lẹ́yìn ojúgun, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan. Bí èémí bá há tàbí tí àyà ń dun ni pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀ràn pàjáwìrì ni. Bí ojú àti ọwọ́ aboyún bá sì wú pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi tu aboyún nínú pé 'bí oyún ṣe ń ṣe nìyẹn' ti dá ọ̀pọ̀ ìyá dúró sílé nígbà tí kò yẹ.

8.0 Ọ̀ràn Jàbùtẹ̀

Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, a kò lè sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwú kí a má sọ ti jàbùtẹ̀. Aràn tín-ín-rín tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ni ó ń fà á. Aràn náà a wọ inú ọ̀nà omi ara, a bà á jẹ́, omi kò sì ní rí ọ̀nà lọ mọ́. Kì í ṣe nǹkan tí a tẹ̀. Ìpolongo àgbáyé láti fi òpin sí i bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, oògùn ivermectin àti albendazole ni a sì ń pín fún àwọn ará ìlú lọ́dọọdún. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé orílẹ̀-èdè Tógò, níbi tí àwọn Yorùbá wà, ti ṣẹ́gun jàbùtẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣòro ìlera gbogboògbò, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Nàìjíríà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Oògùn ń dá ìtànkálẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n kì í dá ẹsẹ̀ tí ó ti tóbi padà. Fún ẹni tí ó ti ní in, ìmọ́tótó ni ó ṣáájú: kí a máa fi omi àti ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́, kí a nu àárín ìka gbẹ, kí a tọ́jú egbò kékeré, kí a gbé ẹsẹ̀ sókè bí a bá jókòó, kí a máa mì í, kí a sì máa wọ bàtà. Báńdéèjì àti ìfúnsẹ̀ tẹ̀lé e, níbi tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò bá wà. Bí a bá fi ìfúnsẹ̀ bo ẹsẹ̀ tí a kò fọ̀, ìdọ̀tí àti àìsàn ni a fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé yìí ti fi hàn pé ìfúnsẹ̀ kì í wo ohun tí ó fa wíwú sàn. Ohun tí ó ń ṣe ni kí ó máa ran ẹ̀jẹ̀ àti omi ara lọ́wọ́ láti padà sókè. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pé, tí a wọ̀ ọ́ bí ó ti yẹ, tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò sì ní àìsàn iṣan àlọ, àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ó lè ṣe ìpalára.

Ní ti èdè, àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 lábẹ́ Ayọ̀ Bámgbóṣé àti ní 1990 lábẹ́ Ọládélé Awóbulúyì ṣe iṣẹ́ ńlá fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ ìlera kò sí lára ohun tí wọ́n dáwọ́ lé. Iṣẹ́ náà wà nílẹ̀ fún àwọn tí ó ń kọ́ni àti àwọn tí ó ń kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kì í sì í ṣe iṣẹ́ orúkọ dídá nìkan. Ó jẹ́ kí a jókòó ti nọ́ọ̀sì, kí a gbọ́ ohun tí ó ń sọ fún aláìsàn, kí a sì béèrè lọ́wọ́ aláìsàn ohun tí ó gbọ́. Níbi tí 'dì' àti 'fún' ti yàtọ̀ sí ara wọn, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó wà láàárín.